Adájọ́ Inú Òwe àti Àwọn Aláṣẹ Lekki

Nígbà tí àwa oníwàásù bá ṣí Lúùkù 18, àdúrà àìsinmi la máa ń tẹnu mọ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, torí ìdí tí Olúwa fi pa òwe náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n a máa ń sáré kọjá adájọ́ náà. Jésù kò dárúkọ rẹ̀, kò dárúkọ ìlú rẹ̀. Ìwà rẹ̀ nìkan ló fi hàn wá: kò bẹ̀rù Ọlọ́run, kò ka ènìyàn sí.

Ẹni tó mọ ìtàn Lekki yóò dá a mọ̀. Ní oṣù keje 1990, Raji Rasaki, gómìnà ológun, fún àwọn ará Maroko ní ọjọ́ méje péré. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni katapílà sọ di aláìnílé. Òun ló fẹ̀sùn kàn wọ́n, òun ló dájọ́, òun náà ló mú un ṣẹ.

Ti Otodo-Gbame tilẹ̀ yàtọ̀. Ní oṣù kọkànlá 2016, ilé ẹjọ́ gíga Èkó dá ìjọba Akinwunmi Ambode dúró; síbẹ̀ wọ́n wó ilé àwọn apẹja náà, wọ́n sì tún padà wá ní 2017. Adájọ́ gidi ṣòdodo. Ìwà adájọ́ inú òwe wà lọ́wọ́ aláṣẹ. Kí la ó wá sọ fún opó ibẹ̀? Pé àdúrà rẹ̀ kò pọ̀ tó? Ìwàásù bẹ́ẹ̀ ti gbè sẹ́yìn adájọ́.

Ẹ̀bẹ̀ opó inú òwe sú adájọ́ tirẹ̀, ó sì dá a láre. Ní oṣù kẹfà 2017, ilé ẹjọ́ dá àwọn ará Otodo-Gbame láre pẹ̀lú. Ilé wọn ti lọ.