Ojú Tí Ó Wo Eyín: Àgbéyẹ̀wò Ìpínsísọ̀rí Ọ̀nà Inú Gbòǹgbò Eyín

Ìfáàrà

Ìta eyín ni gbogbo ènìyàn ń rí. Nínú rẹ̀ ni ẹran rírọ̀ kan wà, tí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára ń gbà kọjá. Yàrá kan ní orí eyín ni ẹran yìí ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gba inú gbòǹgbò lọ títí dé ṣóńṣó rẹ̀. Ibi tóóró tí ó ń gbà nínú gbòǹgbò yìí ni bébà yìí pè ní ọ̀nà inú gbòǹgbò. Bí eyín bá kẹ̀, tí àrùn sì wọ inú ẹran náà, iṣẹ́ oníṣègùn eyín ni láti wá gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí rí, kí ó fọ̀ wọ́n mọ́, kí ó sì dí wọn. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí kò bá rí lè di ibùba fún kòkòrò àrùn. Ìrora yóò padà, eyín tí ó yẹ kí a gbà là yóò sì di yíyọ.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè pé ọ̀nà mélòó ni ó wà nínú gbòǹgbò kan kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Àwọn onímọ̀ ti fi àtẹ ìsọ̀rí dáhùn rẹ̀, wọ́n ti fi iye nínú ọgọ́rùn-ún dáhùn rẹ̀, wọ́n sì ti fi àwòrán oríṣìíríṣìí gbè é lẹ́sẹ̀. Èrò tí bébà yìí gbé kalẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú àwọn ìdáhùn wọ̀nyí ń sọ bí ojú tí ó wo eyín ti mú tó, kí ó tó sọ bí eyín ti rí. Àtẹ tí kò bá sọ irú ojú tí a fi wò ó, àbọ̀ ìròyìn ni.

Àtẹ Onísọ̀rí Mẹ́jọ

Oṣù kọkànlá ọdún 1895 ni Wilhelm Röntgen ṣàwárí ìtànṣán ẹ́síréè ní ìlú Würzburg. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1896, Otto Walkhoff ti fi ìtànṣán náà ya eyín ara rẹ̀ ní Braunschweig. Ìṣẹ́jú 25 ni ó fi jókòó síwájú rẹ̀. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn èyí, eyín tí a ti yọ ni ó ń fi bí inú gbòǹgbò ti díjú tó hàn, kì í ṣe ẹ́síréè. Walter Hess ti Zürich, tí ìwé rẹ̀ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1925, ti rọ́bà wọ inú eyín yíyọ, ó sì fi ásíìdì yọ́ eyín náà dànù. Rọ́bà tí ó ṣẹ́kù mú ìrísí ọ̀nà inú rẹ̀: ó pẹ̀ka, ó tún pàdé, ó sì ta ẹ̀ka wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́.

Ní 1984, Vertucci gbé iṣẹ́ tirẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà. Eyín 2,400 ni ó sọ di ohun tí a lè rí inú rẹ̀ láti ìta, lẹ́yìn tí ó ti fa aró sínú ọ̀nà wọn. Oríṣìí mẹ́jọ ni ó pín wọn sí. Èkíní ni ọ̀nà kan láti òkè dé ṣóńṣó. Èkejì ni ọ̀nà méjì tí ó pàdé di ọ̀kan. Ẹ̀kẹta ni ọ̀kan tí ó pín sí méjì tí ó tún papọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ títí dé ẹ̀kẹjọ tí ó ní ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìyìn tọ́ sí àtẹ yìí. Ó rọrùn láti há sórí, ó sì fún àwọn oníṣègùn ní èdè kan tí wọ́n lè fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n inú iṣẹ́ Vertucci fúnra rẹ̀ ni ìkìlọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó rí i pé oríṣìí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni ó wà nínú eyín kan ṣoṣo, ìyẹn ìkejì nínú àwọn eyín òkè tí ó ṣáájú eyín èrìgì, èyí tí a óò máa pè ní eyín aṣáájú-èrìgì. Orúkọ eyín nìkan kò tó láti fi mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní 2004, Sert àti Bayirli yẹ eyín àwọn ará Tọ́kì wò, wọ́n sì fi oríṣìí 15 kún àtẹ náà. Ó di 23. Bí àpótí bá ń pọ̀ sí i nígbàkúùgbà tí a bá wo eyín mìíràn, àpótí náà ni ó yẹ kí a bi léèrè.

Irú èyí ni ọ̀nà tí ó ká bí lẹ́tà C, tí Cooke àti Cox ṣàpèjúwe ní 1979, tí ó sì wọ́pọ̀ nínú eyín èrìgì kejì ti ìsàlẹ̀ láàrin àwọn ará Ìlà-Oòrùn Éṣíà. Bí a bá gé gbòǹgbò bẹ́ẹ̀ ní òkè, ó lè jẹ́ C kan ṣoṣo. Bí a bá gé e ní ìsàlẹ̀ díẹ̀, ó lè ti di méjì tàbí mẹ́ta. Iye ọ̀nà inú rẹ̀ wà lọ́wọ́ ibi tí a ti gé e, àti lọ́wọ́ ohun tí ẹni tí ó ń kà á gbà pé ó jẹ́ ọ̀nà.

Ojú Ni Ó Yí Padà

Àbùkù tí ó tóbi jù ni ti bí a ṣe gbé àtẹ náà kúrò níbi tí a ti ṣe é. Eyín tí ó wà lọ́wọ́, tí a lè yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ni Vertucci wò. Oníṣègùn kò lè sọ eyín ẹnu alààyè di bẹ́ẹ̀; òjìji lórí fọ́tò pẹlẹbẹ ni ó ń rí. Bí ọ̀nà méjì bá wà, tí ọ̀kan kọjú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí èkejì kọjú sí ahọ́n, ọ̀kan yóò bo èkejì mọ́lẹ̀. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Láti 1910 ni Clark ti fi hàn pé bí a bá yí igun ìtànṣán padà, òjìji méjì yóò ya ara wọn, a ó sì mọ èyí tí ó wà lẹ́yìn. Ìmọ̀ yìí kò gbówó lórí, ó sì wúlò títí di òní.

Iṣẹ́ Kulild àti Peters ní 1990 ni ó fi ọ̀rọ̀ ojú yìí hàn jù. Wọ́n wá ọ̀nà kejì nínú gbòǹgbò eyín èrìgì òkè tí ó wà níwájú lápá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tí wọ́n fi irin wẹ́wẹ́ tí oníṣègùn ń lò wá a, wọ́n rí i nínú ìdá 54.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́ ibẹ̀ jìn díẹ̀, ìdá 31.3 tún yọjú. Nígbà tí wọ́n wá lo maikirosikóòpù, ìdá 9.6 tún kún un; àpapọ̀ rẹ̀ lé ní 95. Eyín kan náà ni. Kò sí ẹ̀yà, kò sì sí ọjọ́ orí tí ó yí padà láàrin 54 àti 95. Ojú ni ó yí padà.

Iye àti Ẹ̀yà Ènìyàn

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a ṣọ́ra nígbà tí a bá ń fi iye wọ̀nyí sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yà ènìyàn. Ní 1986, Trope, Elfenbein àti Tronstad fi fọ́tò ẹ́síréè wo eyín aṣáájú-èrìgì ìsàlẹ̀ àwọn aláìsàn ní Amẹ́ríkà. Ní ti eyín àkọ́kọ́, wọ́n rí ju ọ̀nà kan lọ nínú ìdá 32.8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláwọ̀ dúdú, àti nínú ìdá 13.7 àwọn aláwọ̀ funfun. Níwọ̀n ìgbà tí ojú kan náà ni a fi wo ìhà méjèèjì, ìyàtọ̀ náà ní ìwúwo. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ ni kí a ka iye méjèèjì sí, kì í ṣe òrùlé, nítorí fọ́tò pẹlẹbẹ a máa fi ọ̀nà pamọ́.

Bákan náà, “aláwọ̀ dúdú” nínú iṣẹ́ yẹn jẹ́ ìsọ̀rí tí ìtàn Amẹ́ríkà dá sílẹ̀. Lóòótọ́, àwọn Yorùbá wà lára àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí òkè òkun. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀yà Áfíríkà ni ó dàpọ̀ níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Yúróòpù sì wọ̀ ọ́. Oníṣègùn tí ó bá gbé 32.8 lé aláìsàn rẹ̀ lórí ní Ìbàdàn tàbí ní Ilé-Ifẹ̀ ń fi òṣùwọ̀n ọjà kan wọn ọjà mìíràn. Ìlò tí ó tọ́ fún iye náà ni ìkìlọ̀: kí ó má ṣe gbà pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni, àfi bí ó bá ti wá èkejì tì.

CBCT Kì í Ṣe Òpin

Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀rọ CBCT, tí ó ń yí orí aláìsàn ká tí kọ̀ǹpútà sì ń to àwòrán rẹ̀ jọ kí a lè gé e wò láti ìhà gbogbo, ti parí àríyànjiyàn yìí. Agbára rẹ̀ kò ṣeé sẹ́. Ní 2008, Matherne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í wé fọ́tò pẹlẹbẹ. Nínú bí eyín 4 nínú 10, ó kéré tán ọ̀nà kan wà tí àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kò rí lórí fọ́tò. Síbẹ̀, ojú ni òun náà jẹ́. Ẹyọ tí ó kéré jù nínú àwòrán rẹ̀ sábà máa ń wà láàrin bí 0.08 àti 0.4 mílímítà, ọ̀nà tí ó bá tẹ́ẹ́rẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Irin àti ohun tí a fi dí eyín a máa ta ìlà funfun àti dúdú tí ó lè bo ọ̀nà mọ́lẹ̀ tàbí kí ó jọ ọ̀nà. Ìtànṣán rẹ̀ sì ju ti fọ́tò kékeré kan lọ. Nítorí náà ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ inú eyín àti ti àwọn onímọ̀ àwòrán ẹnu ní Amẹ́ríkà ṣe pa ohùn pọ̀ ní 2010, tí wọ́n sì tún un sọ ní 2015, pé kí a má ṣe sọ ọ́ di ohun tí a ń ṣe fún gbogbo aláìsàn.

Ìpínsísọ̀rí tí Ahmed, Versiani, De-Deus àti Dummer gbé jáde ní 2017 gbìyànjú láti jáwọ́ nínú àpótí. Kàkà kí wọ́n fún gbòǹgbò ní nọ́ńbà oríṣìí, wọ́n kọ ohun tí ó wà níbẹ̀ sílẹ̀: eyín wo ni, gbòǹgbò mélòó, ọ̀nà mélòó ní ẹnu, ní àárín àti ní ìparí. Èyí sàn ju ti ìṣáájú lọ, nítorí àpèjúwe ni. Ohun tí ó kù fún un ni pé àmì náà kò sọ bí a ṣe rí ohun tí a kọ.

Àsọkágbá

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ọ̀nà kan kò sì wọ inú gbòǹgbò eyín. Kò sí àtẹ kan nínú àwọn tí a yẹ̀ wò yìí tí ó yẹ kí a sọ nù. Ohun tí ó yẹ ni kí a má ṣe ka ìkankan nínú wọn bí òfin eyín. Iye èyíkéyìí tí a bá tẹ̀ jáde gbọ́dọ̀ ru ohun mẹ́ta dání: irú ojú tí a fi wò ó, ohun tí a kà sí ọ̀nà, àti àwọn ènìyàn tí eyín náà jẹ́ tiwọn. Bí ọ̀kan bá sọ nù nínú mẹ́ta yìí, kò sí bí a ṣe lè fi iye kan wé èkejì. Ní ẹnu aláìsàn, ibi tí wíwá ti bẹ̀rẹ̀ ni àtẹ. Fọ́tò láti igun méjì ni ó tẹ̀ lé e, ọwọ́ tí kò kánjú tẹ̀ lé ìyẹn, CBCT sì wà fún ibi tí àwọn wọ̀nyí kò bá tó.