Ojú Àlejò, Ojú Onílé: Kpomassie ní Greenland

Ká sọ òótọ́: tí ẹ bá gbọ́ pé ẹnìkan rìnrìn àjò lọ sí abúlé apẹja lápá àríwá ayé, níbi tí òkun ti ń dì bí òkúta, òyìnbó ló máa kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí ẹ ka L'Africain du Groenland, ìwé tí Tété-Michel Kpomassie, ọmọ Tógò, gbé jáde ní èdè Faransé ní 1981. James Kirkup túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1983, wọ́n sì tún un tẹ̀ ní 2022 pẹ̀lú orúkọ Michel the Giant. Ìwé náà dára gan-an. Ṣùgbọ́n ó ní àlébù kan tó kan gbogbo àwa tí a ń gbé fóònù kiri ìlú onílùú.

Ìtàn náà rèé ní ṣókí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni Kpomassie nígbà tí ejò dẹ́rù bà á lórí igi àgbọn, tó já bọ́. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá àwòrò kan tó ń bọ ère. Ara rẹ̀ ń yá, àmọ́ wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ wá di ọ̀kan nínú àwọn tó ń sin ère nínú igbó. Àsìkò yẹn ló rí ìwé kan nípa àwọn Inuit ní ilé ìtàwé ní Lomé. Ilẹ̀ tí kò séjò, tí igi gíga ṣọ̀wọ́n! Ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ṣiṣẹ́ káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ó gba Faransé, Jámánì àti Denmark kọjá, ọ̀pọ̀ ọdún sì lọ kó tó gúnlẹ̀ sí gúúsù Greenland ní 1965.

Ibi tí ìwé yìí ti kọ́kọ́ mú wa ni èbúté. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìrìn àjò, àlejò ló ń wo onílé. Níbí, onílé ló ń wo àlejò. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu, àwọn ọmọdé lẹ̀ mọ́ ìyá wọn. Kpomassie kò fi ìyẹn pamọ́, kò sì bínú. Ó jẹ́ kí wọ́n wo òun tẹ́rùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá bá wọn gbé: ó jẹ awọ àbùùbùtán ní tútù, ó mu kọfí nílé onílé, ó bá wọn rìn pẹ̀lú àwọn ajá tó ń fa ọkọ̀ orí yìnyín. Kò fi oyin bo ọ̀rọ̀. Ó kọ nípa ọtí àmujù, ebi àti ìdọ̀tí, ó sì kọ nípa aájò wọn pẹ̀lú. Nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ti di ìran wíwò, a gbà á gbọ́.

Àlébù ọ̀hún wá dà? Gúúsù já a kulẹ̀. Ó retí ọdẹ séálì, ó bá àwọn èèyàn tó ń gbé láyé òde òní. Ló bá ń lọ sókè àríwá, ó ń wá Thule, níbi tó rò pé ojúlówó Inuit wà. Àmọ́ ta ló ní apẹja tó ń gba owó iṣẹ́ kì í ṣe ojúlówó? Ní 1953, Denmark sọ Greenland di apá kan orílẹ̀-èdè rẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1960, ìjọba ń ti àwọn ará abúlé kéékèèké lọ sí àwọn ìlú ńlá etí òkun ìwọ̀ oòrùn, níbi tí iṣẹ́ ẹja kọ́ọ̀dù wà. Àṣà wọn kò ṣàdédé bàjẹ́; ìjọba ló ń tún ìgbé ayé wọn tò. Àwa tí a ń kọ sọ́fítíwíà mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: tí ẹ bá ti pinnu èsì kí ẹ tó wo dátà, èsì tí ẹ fẹ́ náà lẹ máa rí. Àwa náà sì mọ àlejò tó máa ń fajú ro tó bá rí fóònù lọ́wọ́ àwòrò.

Ó ṣe tán, ìwé náà fúnra rẹ̀ ló dá a lóhùn. Kpomassie kò dé Thule. Upernavik ló dúró sí, níbi tí oòrùn kì í ti í yọ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nígbà òtútù. Ó wọ̀ sọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan, Robert Mattaaq, nínú ilé tí wọ́n fi ilẹ̀ oníkoríko mọ. Bàbá yìí ti fi ojú ewé ìwé ìròyìn lẹ gbogbo ara ògiri, ìpele lórí ìpele. Ibi ìkówèésí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wò ó o: ọkùnrin tó ń wá àwọn tí ayé kò tíì kàn lára bá gbogbo ayé lára ògiri wọn. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni ìwé yìí ti ga jù. Kpomassie kò yí ojú kúrò lára ògiri náà, ó kà á.

Àwọn àgbà ní àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Kpomassie ríran ju ọ̀pọ̀ lọ, pàápàá níbi tí ohun tó rí ti yàtọ̀ sí ohun tó wá wá. Nígbẹ̀yìn, ó padà wálé kó lè ròyìn ilẹ̀ yìnyín fún àwọn èèyàn rẹ̀. Tí ẹ̀yin náà bá dé ìlú onílùú, kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò ọ̀kọ̀ àti awọ ẹran, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí onílé ń kà.