Ọwọ́ Tó Ń Mú Fọ́tò Fúyẹ́

Bí ìnáwó bá parí ní ìlú Imini tàbí Fìdítì, ilẹ̀ kì í tíì ṣú tí ẹbí á ti máa béèrè fọ́tò lórí WhatsApp. Mo kan sáárá sí onífọ́tò tó mọ bí a ṣe ń dín ìwọ̀n fọ́tò kù kó tó fi ránṣẹ́. Á sọ èyí tó jẹ́ píksẹ́lì 4000 sí 3000 di 1600 sí 1200, kò tó ìdá kan nínú mẹ́fà ti tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ ojú fóònù kò ní fura. JPEG, ìlànà ìdín fọ́tò kù ti ọdún 1992, á wá pín in sí ègé píksẹ́lì 8 sí 8, á ju ohun tí ojú kì í tètè rí nù. Àṣejù ìdínkù yìí ló ń mú kí ìlà aṣọ òfì dàrú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tọ́jú ojúlówó fọ́tò náà; ohun tí JPEG bá ti jù nù kì í padà.