Alárenà Ẹ̀rọ

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ìlú ṣe ń gba ohun tuntun mọ́ra, kí ó lọ dúró sí Marina ní Erékùṣù Èkó ní nǹkan bí aago méje àárọ̀. Láti ojú ọ̀sà ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń yọ bọ̀ lórí afárá rẹ̀. Iná mànàmáná ló ń gbé e rìn, kò rú èéfín, ariwo rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ní ibùdókọ̀ CMS tó wà nítòsí, àwọn bọ́ọ̀sì BRT ń tò wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, èrò inú wọn ń sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Dáńfó náà kò gbẹ́yìn: aláwọ̀ ìyeyè tó fa ìlà dúdú sára, kọ̀ńdọ́ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó ń ké Ọbáléndé, ó ń ké Ajah, ó sì ń kìlọ̀ pé, "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Létí omi, ọkọ̀ ojú omi ń kó èrò lọ sí òdìkejì. Oríṣi ọkọ̀ mẹ́rin ló pàdé lórí ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ lè rìn já láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kò sì sí èyí tó tíì lé èkejì lọ.

Ara ọkọ̀ ni ojú àlejò yóò kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó ti pẹ́ ní Èkó yóò wo àárín ọkọ̀ àti èrò, níbi tí àwọn kan máa ń dúró sí láti òwúrọ̀ dalẹ́: ọmọbìnrin tó wọ aṣọ iṣẹ́, tó ń bá èrò kó owó sínú káàdì, ọmọkùnrin tó ń tọ́ka sí ibi tí wọn yóò ti fi káàdì náà kan ẹ̀rọ, obìnrin tó jókòó sábẹ́ agboòrùn, tí ẹ̀rọ POS wà lórí tábìlì rẹ̀. Nígbà kan rí, ọkùnrin kì í ṣàdédé lọ bá omidan sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Alárenà ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn, tó ń wádìí ìdílé, tó ń bẹ̀bẹ̀, tó sì ń fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún ẹni tí wọn kò tíì mọ̀. Ẹ̀rọ tuntun náà ní alárenà tirẹ̀. Àwọn ni mo fẹ́ fi àròkọ yìí kí kú iṣẹ́, nítorí owó ló ń gbé ẹ̀rọ dé èbúté, ènìyàn ló ń mú un wọlé.

Ìtàn ọkọ̀ ojú irin nìkan tó láti fi hàn bí ọ̀nà náà ṣe máa ń jìn. Ní 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti Ìddó. Ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì wọ Ìbàdàn ní 1901. Ní 1902, wọ́n fi tíráámù kékeré kan so Ìddó pọ̀ mọ́ Erékùṣù, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di 1933, tíráámù náà ti kógbá sílé. Ó di 1983 kí Alhaji Lateef Jákàńdè, gómìnà Èkó nígbà náà, tó dáwọ́ lé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin tí yóò máa ná inú ìlú. Ìjọba ológun tí Ọ̀gágun Muhammadu Buhari ṣe olórí rẹ̀ fagi lé e ní 1985. Nígbà tí Blue Line wá délẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2023, Buhari kan náà, tó ti di ààrẹ alágbádá, ló wá ṣí i. Ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ láti Marina dé Mile 2, ìrìn kìlómítà 13.

Láàárín ogójì ọdún yẹn, ta ló gbé Èkó rìn? Wẹ́dà ni, rẹwáyà ni, mẹkáníìkì ni. Ṣáájú wọn, káfíńtà ló kan pákó sára bọlẹ̀kájà. Nígbà tó kan àwọn wẹ́dà, wọ́n gba ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes, wọ́n jó irin pọ̀ di ilé lé e lórí, wọ́n to àga sí i, ó di mọ́lúè. Wọ́n gba bọ́ọ̀sì Volkswagen tí àwọn òyìnbó fi ń kó ẹrù, wọ́n gé fèrèsé sí i lára, ó di dáńfó. Mọ́lúè gbóná, ó ń jò, irin ìjókòó rẹ̀ sì ti fa ọ̀pọ̀ ṣòkòtò ya. Síbẹ̀, kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan nílùú òyìnbó tó ya àwòrán rẹ̀ fún wa. Àwọn tí kò ní ju iná wẹ́dà àti ojú inú lọ ló sọ ẹ̀rọ àjèjì di ohun tí ọmọ ìlú lè wọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Oṣù kẹta ọdún 2008 ni BRT bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 dé CMS, lábẹ́ àbójútó LAMATA, àjọ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ fún ètò ìrìnnà. Bọ́ọ̀sì ńlá kò ṣàjèjì sí wa. Títò lórí ìlà ló ṣàjèjì. Èrò tó ti mọ́ lára láti máa sáré bá mọ́lúè tí kò dúró, tó ń fi ìgúnpá wá ọ̀nà, ni wọ́n ní kó wá ra tíkẹ́ẹ̀tì pélébé, kó tò, kó sì dúró de ọkọ̀ tó ní ọ̀nà tirẹ̀ lójú títì. Ìwé òfin kọ́ ló kọ́ ọ. Àwọn òṣìṣẹ́ tó dúró sínú oòrùn létí ìlà ni: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n yìí ló kàn yín." "Ìyá mi, ẹ má bínú, òmíràn ti ń bọ̀." Wọ́n gbọ́ èébú, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ títí ó fi di àṣà.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, tíkẹ́ẹ̀tì yọwọ́, káàdì Cowry gba ipò rẹ̀. Káàdì kan náà ló sì ń ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin. Wo ìyá tó ń lọ tajà ní Balógun. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú káàdì jáde, ó sì nà án pẹ̀lú owó bébà sí ọmọbìnrin tó di ẹ̀rọ kékeré lọ́wọ́. "Ẹgbẹ̀rún méjì ti wọ inú ẹ̀, mà. Ẹ lọ fi kàn án lọ́hùn-ún." Ìyá fi kàn án wàrà, ó fà á kúrò, ẹ̀rọ kò dáhùn. Ó tún un ṣe, bákan náà. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń pòṣé. "Ẹ jẹ́ kó sinmi lé e díẹ̀, mà." Ó sinmi lé e, ó dún, ọ̀nà ṣí. Kò ní pẹ́ tí ìyá yìí kan náà yóò fi máa sọ fún ẹni tó wà níwájú rẹ̀ pé, "Jẹ́ kó sinmi lé e díẹ̀." Báyìí ni ẹni tí wọ́n fà lọ́wọ́ lánàá ṣe ń fa ẹlòmíràn lọ́wọ́ lónìí, láìgba owó oṣù.

Nínú dáńfó, kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń kọ́ ẹnikẹ́ni. Wàhálà ṣéńjì ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ kọ̀ńdọ́ lọ. Bí owó kéékèèké bá tán, kọ̀ńdọ́ á so èrò méjì tí kò mọ ara wọn rí pọ̀, á kó odidi owó bébà kan lé ọ̀kan lọ́wọ́, á ní kí wọ́n lọ pín in nígbà tí wọ́n bá bọ́ sílẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀kan ń lọ sí ọ̀tún, èkejì ń lọ sí òsì, ìjà sì dé. Nígbà tí náírà di àwátì ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, lẹ́yìn tí Báńkì Àpapọ̀ pààrọ̀ àwọ̀ owó bébà, kọ̀ńdọ́ yìí kan náà ni àwọn kan rí tó yọ fóònù, tó ka nọ́ńbà àkáǹtì fún wọn, tó sì ń dúró de álẹ́ẹ̀tì kí ẹsẹ̀ wọn tó kan ilẹ̀. Ẹni tó ti búra pé òun kò ní fi fóònù sanwó láéláé kọ́ ọ láàárín Ọ̀ṣọ́dì sí Ọ̀jọ́ta, nítorí ó ní láti dé ibi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ so-wọ́n-pọ̀ náà sì dínkù níbi tí álẹ́ẹ̀tì bá ti ń tètè wọlé.

Abẹ́ agboòrùn ni ilé alárenà tó gbajúmọ̀ jù. Nígbà tí fóònù GSM dé Nàìjíríà ní 2001, owó síìmù àti ti fóònù ga ju agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ẹnìkan á ra fóònù kan, á gbé tábìlì àti agboòrùn síta, aládùúgbò á wá fi pe ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun, á sì san owó ìṣẹ́jú tó lò. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ti kọ́kọ́ fi fóònù sétí, tí onítábìlì ń bá wọn tẹ nọ́ńbà, tó ń sọ fún wọn pé kò dìgbà tí wọ́n bá pariwo. Ní 2003, ilé-iṣẹ́ Glo bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ní ìṣẹ́jú àáyá; bí ọdún ti ń lọ, síìmù já wálẹ̀, oníkálukú ra tirẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú mọ ojú, alárenà á yẹ̀bá. Onítábìlì yẹ̀bá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pa agboòrùn rẹ̀ dé. Ó yí sí títa káàdì ìpè. Nígbà tó yá, ó yí sí POS.

Ní 2012 ni Báńkì Àpapọ̀ fi Èkó bẹ̀rẹ̀ ètò láti dín ìlò owó bébà kù, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí alájọ ti là sílẹ̀ tipẹ́ ni oníPOS tọ̀ dé ọjà. Alájọ kò ní ọ́fíìsì. Láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ ló ń gba owó lójoojúmọ́, tó ń fàmì sí káàdì, ojú tí wọ́n mọ̀ sì ni ìdánilójú tí wọ́n ní. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ tí ìlà báńkì àti fọ́ọ̀mù òyìnbó ti sú á kó owó rẹ̀ fún oníPOS, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì máa ń bi í: "Ṣé ó ti wọlé, ọmọ mi?" Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wá ṣe ségesège, tí owó kúrò níbì kan tí kò dé ibòmíràn, báńkì jìnnà, ẹni tó wà lábẹ́ agboòrùn ló súnmọ́. Òun ló ń gba èébú, òun ló ń bẹ̀bẹ̀, òun náà ló ń kọ orúkọ àti àkókò sínú ìwé títí owó á fi padà. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí gbogbo wa wá ní nínú ẹ̀rọ yìí, lára irú wọn ni ó ti hù.

Nínú ọgbà mẹkáníìkì, ẹ̀rọ tún ipò àwọn ènìyàn tò. Tẹ́lẹ̀, etí ni ọ̀gá fi ń mọ àrùn ọkọ̀. Á ní kí ọmọṣẹ́ sítáátì rẹ̀, á dẹ etí sí i, á gbọ́wọ́ lé kábúrétọ̀, á sì sọ pé plọ́ọ̀gì kan ti kú. Tọ́kúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà yí eré náà padà. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n tà lọ́hùn-ún, láti orí ti ọdún 1996, ló ní ojú ihò kan lábẹ́ sítíárì tí a lè ki wáyà bọ̀, kí kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sọ ibi tó ń dùn ún. Rẹwáyà, ẹni tí wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí nígbà tí iná iwájú bá kú tàbí tí bátìrì bá sùn, wá di ẹni tí wọ́n ń kọ́kọ́ pè, torí òun ló gbọ́ èdè wáyà. Síbẹ̀, ọ̀gá àgbà kò di ẹni àpatì. Ẹ̀rọ á ní sẹ́ńsọ̀ kan kò ṣiṣẹ́. Ọ̀gá á ní kí wọ́n má tíì rà á, kí wọ́n kọ́kọ́ wo wáyà tó lọ síbẹ̀ bóyá eku ti gé e jẹ. Eku kò sí nínú ohun tí kọ̀ǹpútà náà mọ̀. Ó dùn-ún wò nígbà tí àwọn méjèèjì bá tẹ̀ba sórí ẹ̀ńjìnnì kan náà, tí ọ̀kan ń ka ojú ẹ̀rọ, tí èkejì ń fetí sílẹ̀.

Aránṣọ náà mọ ọgbọ́n yìí. Ẹ̀rọ oníná ló wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, orí fóònù ni sítáì ti ń wá, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ àtijọ́ ṣì wà ní kọ̀rọ̀, wọ́n ń bu epo sí i. Bí iná bá lọ, tí epo jẹnẹrétọ̀ sì tán, òun ni yóò parí aṣọ ẹbí tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ́la. Ẹni tó pe èyí ní àìlajú, oníbàárà kò tíì wá jókòó dè é ní ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì rí.

Bí ẹ̀rọ ṣe ń pẹ́ wọ̀lú báyìí ní èrè tirẹ̀. Ní gbogbo àkókò tí alárenà fi ń lọ tó ń bọ̀, ìlú ń wádìí ẹ̀rọ wò: ṣé yóò dúró lọ́jọ́ òjò, ṣé yóò jẹ́ lẹ́yìn tí iná bá lọ, ta ni a ó mú bó bá dalẹ̀? Ohun tó bá yege nínú ìwádìí yẹn kì í tún jáde. Àmọ́ alárenà fúnra rẹ̀ ló ń sanwó ìwádìí náà. Ó ń fi àkókò rẹ̀ kọ́ni, ó ń fi orúkọ rẹ̀ dúró, bí ojú bá sì ti mọ ojú tán, a lè fi ẹnu ọ̀nà tó ń dá ṣí rọ́pò rẹ̀ láìkí i pé ó dàbọ̀.

Ọ̀rọ̀ alárenà tún ti délẹ̀. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti kúrò ní 2023, ìjọba ń rọ awakọ̀ pé kí wọ́n yí ọkọ̀ wọn sí gáàsì CNG. Sìlíńdà gáàsì kò ṣeé fi ṣe dán-an-wò nínú ọgbà, nítorí àṣìṣe ibẹ̀ lè gba ẹ̀mí. Mẹkáníìkì tí awakọ̀ dáńfó ti gbẹ́kẹ̀ lé láti ọdún pípẹ́ ni yóò tún lọ bi pé, "Ọ̀gá, ṣé kí n ṣe é?" Bí a kò bá kọ́ mẹkáníìkì yẹn dáadáa, ìdáhùn rẹ̀ lè lé awakọ̀ sá, ó sì lè kó o sínú ewu. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba bá ń ka iye bọ́ọ̀sì tó rà àti kìlómítà ojú irin tó tẹ́, kí ó ka àwọn tí yóò kọ́ni níbẹ̀ mọ́ ọn, kí owó ẹ̀kọ́ wọn àti owó iṣẹ́ wọn sì wà nínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìlú tó bá ra ẹ̀rọ láìwá alárenà fún un, inú ilé ìkẹ́rùsí ni ẹ̀rọ rẹ̀ yóò gbó sí.