Kúpọ́ọ̀nù 66 àti Aṣọ Ẹbí Wa

Ní oṣù kìíní ọdún yìí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa obìnrin kéde nílé pé òun kò ní í ra aṣọ tí ó ju kúpọ́ọ̀nù 66 lọ títí ọdún yóò fi yí po. A bi í pé kúpọ́ọ̀nù wo? Ó fi ìwé pẹlẹbẹ kan lé wa lọ́wọ́, ó ní kí a lọ kà á. Make Do and Mend ni orúkọ ìwé náà. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1943, nígbà tí ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́, a sì ti tún un tẹ̀ láyé òde òní fún àwọn tí ó fẹ́ mọ bí àwọn ìyá-ńlá wọn ṣe gbé ìgbà náà. Bí a bá ní kí a sọ orúkọ rẹ̀ ní èdè wa, a ó pè é ní Èyí Tó Wà Nílẹ̀ Ni Kí A Tún Ṣe. A kà á tán ní ìrọ̀lẹ́ kan. A kọ́kọ́ ń fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a ó fi dé ìdajì, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu wa. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a bá ẹ̀yin ará wa sọ ọ́ lójú ìwé yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ ti rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1941, Oliver Lyttelton, olórí Board of Trade, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń mójú tó òwò, sọ lórí rédíò pé láti ọjọ́ náà lọ, owó nìkan kò tó ra aṣọ mọ́. Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àṣírí kí àwọn olówó má baà sáré lọ kó ọjà tán. Àní, ìwé kúpọ́ọ̀nù aṣọ kò tíì dé ọwọ́ ará ìlú. Kúpọ́ọ̀nù màgaríìnì tí ó ṣẹ́kù nínú ìwé oúnjẹ wọn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan ní 66 fún ọdún kan. Kóòtù ọkùnrin gba 16, jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ 13, bàtà rẹ̀ 7. Gáùn onírun àgùntàn gba 11, bàtà obìnrin 5, ìbọ̀sẹ̀ 2. Fìlà wà lára ohun tí òfin náà dá sí, ẹni tí ó bá rí owó rẹ̀ lè ra fìlà mẹ́wàá. (Ẹ̀yin bàbá wa, a mọ̀ pé inú yín yóò dùn sí èyí.) Nígbà tí ogun fi máa parí, iye náà ti wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé 24 péré ni wọ́n pín fún oṣù 8, láti oṣù kẹsàn-án 1945 sí ìparí oṣù kẹrin 1946. Ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 1949 ni wọ́n tó dá ọwọ́ rẹ̀ dúró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó wà ní London nígbà náà, àwọn ará WASU tí Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1925, abẹ́ òfin kan náà ni wọ́n wà, àwọn tí òtútù ń mú ju onílé lọ.

Ìwé náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó dára. A kò rí ọ̀pọ̀ ìwé ìjọba tí ó mọ ohun tí ó ń sọ báyìí. Hugh Dalton, tí ó ti di olórí Board of Trade nígbà náà, ni ó kọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ ìyókù ti mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rí. Ó sọ bí a ṣe ń fọ aṣọ onírun àgùntàn tí kò fi ní í sún kì, bí a ṣe ń lé kòkòrò tí ń jẹ aṣọ, bí a ṣe ń lẹ ìgúnpá àti orúnkún kí ó tó ya, àti bí a ṣe ń sọ ṣòkòtò ọkùnrin di síkẹ́ẹ̀tì. Kò fi aṣọ ṣeré. Ẹni tí wọ́n bá tọ́ nílé tí a ti ń ká ìró sínú àpótí pẹ̀lú káńfọ̀ yóò mọ irú ẹni tí ń sọ̀rọ̀.

Ibi tí ọmọ wa ti fẹ́ràn rẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ ìhun. Ó ti ra abẹ́rẹ́ gígùn méjì, ó sì gbà pé bí òun bá ń hun súwẹ́tà òun fúnra òun, kúpọ́ọ̀nù òun kò ní í tètè tán. Níbí ni a ti bá a jà díẹ̀. Áúńsì 2 òwú ìhun gba kúpọ́ọ̀nù 1 ní ọdún 1941. Súwẹ́tà àgbà tí ó nípọn, tí apá rẹ̀ gùn, yóò gba áúńsì 10 ó kéré tán, ìyẹn kúpọ́ọ̀nù 5. Èló ni súwẹ́tà tí a ti hun kalẹ̀ ní ilé-ìtajà? Kúpọ́ọ̀nù 5 náà ni! Òwú tuntun kò gba ẹnikẹ́ni là. Èyí tí ó gbà wọ́n là ni títú súwẹ́tà àtijọ́, nítorí kò sí òfin tí ó lè gba kúpọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ẹni tí ń tú ẹrù ara rẹ̀.

Àwọn ìyá tí ó wà nínú wa mọ iṣẹ́ yìí. Nílé-ìwé ni àwọn tíṣà ti kọ́ wọn, fìlà ọmọ tuntun àti ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń dánra wò. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ náà gbé káàdígánì ilé-ìwé tí ó ti kéré fún àbúrò rẹ̀ wá, ìyá rẹ̀ ni ó jókòó tì í. A kọ́kọ́ wá ojú ìrán, a tú u kí ara aṣọ lè ya sọ́tọ̀, a wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa òwú láti òkè, ibi tí wọ́n ti parí ìhun. Òwú tí ó jáde ká kóró bí irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. A ká a mọ́ ẹ̀yìn àga, a so ó níbi mélòó kan kí ó má baà lọ́jú pọ̀, a fọ̀ ọ́, a sì fi nǹkan wúwo díẹ̀ kọ́ ọ nídìí títí ó fi gbẹ. Ní ọjọ́ kejì ó ti nà. Wákàtí mẹ́ta ni ìyá àti ọmọ fi jókòó, wọ́n sì sọ Yorùbá sí ara wọn ní gbogbo àkókò náà, nítorí ìyá kò mọ orúkọ ohun tí ó ń ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣùgbọ́n àléébù ìwé náà pọ̀. Àwọn àgbà wa ní ọmọdé lè ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Gbogbo ìmọ̀ràn inú ìwé náà, àkísà ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀: mú ṣòkòtò ọkọ rẹ àtijọ́, mú kọ́tìnnì tí ó ti ṣá, tú súwẹ́tà méjì kí o fi hun ọ̀kan. Ta ni ó ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ nílẹ̀? Ilé olówó ni. Obìnrin tí ó wọ inú ogun pẹ̀lú gáùn méjì kò ní ohun tí yóò gé. Kúpọ́ọ̀nù kan náà ni bàtà olówó gọbọi àti bàtà yẹpẹrẹ ń gbà, ti olówó yóò lo ọdún púpọ̀, ti tálákà yóò ya kí òjò tó dá. Ìjọba rí èyí, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi ṣe aṣọ Utility, tí àmì CC41 wà lára rẹ̀, tí wọ́n dá iye owó lé, tí wọ́n sì yọ owó orí ọjà kúrò lórí rẹ̀. Ní ọdún 1942, wọ́n tilẹ̀ fòfin de kíká etí ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọkùnrin kí aṣọ má baà ṣòfò, àwọn ọkùnrin kan sì ń ra èyí tí ó gùn jù wọ́n lọ, wọ́n ń lọ ká a nílé.

Ihò kan tún wà nínú ètò ọmọ wa fúnra rẹ̀. Kò ka aṣọ àlòkù sí kúpọ́ọ̀nù. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe nígbà ogun, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń kó báàgì òkìrìkà wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ń ra aṣọ náà ni. Èyí tí ó bá sì sú u, a mọ ibi tí ó ń lọ: ọjà Kantamanto ní Accra, tí iná jó ní oṣù kìíní ọdún 2025, tàbí Kútọnu, kí wọ́n tó gbà á wọ ọjà wa bí òfin tilẹ̀ kọ̀ ọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí ó dé bá ilé wa. A fi ètò yìí ṣírò aṣọ ẹbí. Nígbà ogun, yáàdì 1 aṣọ òwú tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íńṣì 36 gba kúpọ́ọ̀nù 2. Ańkárá yáàdì 6 di 12, bí a bá tilẹ̀ gbójú fo ìbú rẹ̀ tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aṣọ ẹbí márùn-ún di 60. Kúpọ́ọ̀nù 6 ni yóò ṣẹ́kù: bàtà kan, àti òwú tí a lè fi hun fìlà ọmọ tuntun. Kò sí kóòtù, kò sí àwọ̀tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ará wa, ẹ ka èyí tí ẹ rà ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá.

A kì í ṣe ọ̀tá aṣọ ẹbí. Ara rẹ̀ ni a ti ń mọ ẹni tí ó ní ènìyàn, pàápàá ní ìlú òkèèrè. Òfin ogun pàápàá mọ̀ pé ìgbéyàwó yàtọ̀: nígbà tí Ọmọba Elizabeth fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní oṣù kọkànlá ọdún 1947, ìjọba fi kúpọ́ọ̀nù kún tirẹ̀, àwọn obìnrin ìlú sì ń fi tiwọn ránṣẹ́ sí i, èyí tí wọ́n ní láti dá padà nítorí òfin kò gbà á. Ohun tí a ń bá jà ni pé ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan, tí gbogbo wa mọ bí ó ṣe ń jó, kò wá sí òde kankan láàrin wa láti ọdún méjì. Ó ní iṣẹ́ ni. Nígbà tí a lọ kí i nílé ni ó tó sọ fún wa pé òun kò lè máa jókòó ní tábìlì ẹ̀yìn pẹ̀lú aṣọ ọ̀tọ̀. Owó aṣọ ni, kì í ṣe iṣẹ́.

Ọmọ wa ní kúpọ́ọ̀nù 9 lọ́wọ́ báyìí, ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń bọ̀ ní oṣù kẹjọ. 12 ni aṣọ náà. Ó ti kọ̀wé sí ìyá ìyàwó, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ra yáàdì 2 péré fún gèlè, kí òun fi wé orí ìró àti bùbá tí òun wọ̀ sí òde ẹ̀gbọ́n ìyàwó, kí wọ́n sì fi àyè kan náà sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n wa tí a wí yẹn. Ìyá ìyàwó kò tíì dá a lóhùn.