Etí Nọ́ọ̀sì Island Maternity
Nọ́ọ̀sì tó ń wọn ìfúnpá ní Island Maternity, òpópónà Campbell, lèmi ń kí. Oníṣẹ́-abẹ ti gba ìyìn tirẹ̀. Á wé aṣọ ẹ̀rọ mọ́ apá aláboyún, á fẹ́ ẹ, á tú atẹ́gùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, etí rẹ̀ ń ṣọ́ ìró ẹ̀jẹ̀: “Ìyàwó, ẹ má sọ̀rọ̀ o.” Bí ìfúnpá bá dé 140/90, á tún un wọ̀n, á yẹ ìtọ̀ wò. Ìdí ni pé bí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ibi ọmọ ò bá fẹ̀ tó, ìpalára rẹ̀ lè dé gbogbo iṣan ẹ̀jẹ̀ ara, kí gìrì sì tẹ̀lé e. Ìwádìí Magpie ti 2002, tó kan obìnrin tó lé ní 10,000, fi hàn pé abẹ́rẹ́ magnesium sulphate ń dín ewu gìrì yìí kù sí bí ìdajì. Ẹni tí orí ń fọ́, tí ojú ń ṣe bàìbàì, nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ kì í ní kó lọ sùn nílé.