BLO: Orírun Ẹgbẹ́ Olórin Kan ní Èkó àti Orúkọ Rẹ̀

Ní Èkó ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ olórin BLO sílẹ̀ ní ọdún 1972. Bulúùsì àti rọ́ọ̀kì ni ìpìlẹ̀ orin wọn, wọ́n sì fi ìlù ilẹ̀ Áfíríkà gbé e ró. Berkley Ike Jones ló ń ta gìtá, Láolú Akíntọ́bi, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Láolú Akins, ló ń lu ìlù òyìnbó, Mike Gbénga Odùmósù ló sì ń ta gìtá báàsì. Lára orúkọ wọn ni wọ́n ti ṣa ti ẹgbẹ́: B ti Berkley, L ti Láolú, O ti Odùmósù. Orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n lò, ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé ni wọ́n lò fún ẹni kẹta. Ó jọ pé kí lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè ṣeé pè pọ̀ ló jẹ wọ́n lógún.

Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní Èkó àwọn ọdún 1970. Orúkọ olórí ló máa ń ṣíwájú lára àwo orin, kí ti ẹgbẹ́ tó tẹ̀lé e: Ebenezer Obey àti Inter-Reformers, Sunny Adé àti African Beats, Fẹlá àti Africa 70. Bí ẹgbẹ́ ṣe rí gan-an ni ètò yìí ń sọ. Ọ̀gá ló ń gba òde, òun ló ń sanwó fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Bí onígìtá kan bá bínú lọ, wọn a fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, orúkọ ara àwo kò ní yí padà. Ọ̀gá kankan kò sí nínú orúkọ BLO. Bí ẹnì kan bá kúrò, lẹ́tà kan ti di òfìfo. Àdéhùn láàárín ẹgbẹ́ra mẹ́ta ni orúkọ náà, ojú yẹn ló sì yẹ kí a fi wo iṣẹ́ wọn.

Wọ́n ti dàgbà nínú iṣẹ́ orin kí wọ́n tó pàdé lábẹ́ orúkọ yìí. Jones àti Akins ti wà nínú Clusters, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó gbòde nígbà tí orin Beatles àti orin sóòlù Amẹ́ríkà gba ìgboro Èkó kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n bá àwọn ìbejì Lìjàdù, Táíwò àti Kẹ́hìndé, dá Afrocollection sílẹ̀. Àsìkò yìí ni Ginger Baker dé. Òun ló ń lu ìlù fún ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Cream ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1966 sí 1968. Ní 1971, ó wa mọ́tò la aṣálẹ̀ Sàhárà já títí ó fi dé Nàìjíríà, ó sì bá Fẹlá ṣeré. Nínú àjọṣe òun àti àwọn ọ̀dọ́ olórin wọ̀nyí ni ẹgbẹ́ Salt ti jáde, tí àwọn ìbejì Lìjàdù bá lọ ṣeré ní Munich, ní Jámánì, nígbà ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 1972. Salt kò pẹ́ tó fi túká. Jones àti Akins kò túká ní tiwọn. Àwọn àti Odùmósù ló di BLO.

Ọ̀nà tí bulúùsì gbà dé ọwọ́ wọn jìn. Àwọn aláwọ̀ dúdú ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àrọ́mọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà, ló ni orin náà. Cream mú orin Robert Johnson ti Mississippi, wọ́n fi gìtá oníná àti ariwo ńlá kọ ọ́. Jimi Hendrix náà ṣe tirẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà, pẹ̀lú ẹni méjì péré lẹ́yìn rẹ̀. Àwòkọ́ṣe ẹlẹ́ni mẹ́ta yìí ló wà níwájú BLO.

Síbẹ̀, ẹni tó bá pè wọ́n ní aláfarawé kò tíì fara balẹ̀ gbọ́ Chapter One, àwo àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ EMI gbé jáde fún wọn ní 1973. Wọn kò kó ọ̀wọ́ onífèrè jọ bí ti Fẹlá, nítorí náà kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè fara pamọ́ sí. Gìtá Jones ní láti dá orin kó sì tún gbè é. Báàsì Odùmósù kò kàn tẹ̀ lé e. Ó ń bá a fọ̀rọ̀ wérọ̀. Akins ní tirẹ̀ kò fi ìlù dábírà bí Baker. Ìlù ijó tí kì í já ló ń lù, òun ló sì mú kí orin náà jẹ́ ti Èkó. Nínú “Chant to Mother Earth”, orin ń falẹ̀, gìtá ń ké. Gẹ̀ẹ́sì ni àkọlé rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjúbà ilẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Àwo yìí ni àdéhùn inú orúkọ náà ti ṣẹ jù lọ.

Nígbà tó yá, Odùmósù lọ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Osibisa ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́tà O lọ, orúkọ BLO kò yí padà. Ẹlòmíràn ló bọ́ sídìí báàsì. Phase II àti Step Three jáde lábẹ́ ilé iṣẹ́ Afrodisia ní 1975, orin náà sì ti ń yà sọ́dọ̀ fọ́ńkì, lẹ́yìn náà dísíkò. Orúkọ tó jẹ́ ti ènìyàn mẹ́ta wá di orúkọ ọjà. A kò lè dá wọn lẹ́bi, nítorí orúkọ náà ni àwọn olùrà mọ̀. Àmọ́ gìtá tó ń ké lórí Chapter One kò rí àyè tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹgbẹ́ náà parí ní 1982. Akins di olùdarí àwo orin, òun ló sì darí Ace, àwo tó sọ Shina Peters di ìlú-mọ̀ọ́ká ní 1989. Ní 2001, ilé iṣẹ́ Strut ní Lọ́ńdọ̀nù ṣa orin BLO jọ sínú àwo kan tí wọ́n pè ní Phases 1972–1982, èyí tó gbé wọn dé etí àwọn tí a kò tíì bí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣeré.